Olùdámọ̀ràn Owó àti Ilé Tí Kò Fojú Rí

Ọdún tí wọ́n yí owó wa láti pọ́n-ùn àti ṣílè sí náírà ni mo dé Jos, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mẹ́fà ló sì wà nínú àpótí mi. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa Òkè Ọya ni pé oòrùn ibẹ̀ ń yan ènìyàn bí àgbàdo. Bẹ́ẹ̀ ni olùkọ́ tó kọ́ mi ṣe sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ṣe sọ ọ́ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi ní Èkìtì fún ọdún mẹ́rin gbáko, mo sì na ọmọ kan tó ní ẹ̀gbọ́n òun tó wà ní Jos máa ń wọ súwẹ́tà. Òwúrọ̀ àkọ́kọ́ tí mo jí ní Jos, eyín mi ń lu ara wọn. Mo dúró ti bákẹ́ẹ̀tì omi tí mo fẹ́ fi wẹ̀, ó ń wò mí, mo ń wò ó. Nígbà tó yá, mo fi ìka méjì bọ́jú, mo sì gba ilé ìwé lọ. Lójú ọ̀nà mo rántí ọmọ tí mo nà, mo sì bẹ̀ ẹ́ lọ́kàn mi.

Irú ènìyàn tí mo jẹ́ nìyẹn. Mo máa ń mọ nǹkan dáadáa kí n tó rí i.

Ní ọjọ́ kẹta, ọ̀gá ilé ìwé wa, ọmọ Bẹ̀róòmù, onílẹ̀ láti ìlú Du, rí i pé ṣọ́ọ̀kì ń bọ́ lọ́wọ́ mi bí mo ṣe ń kọ̀wé sójú pátákó. Ó ní kí n lọ sí ọjà Terminus, kí n béèrè obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Màmá Onísúwẹ́tà, pé òun gbọ́ pé ìlú kan náà la ti wá. Òótọ́ ni. Màmá ti lo bí ogún ọdún ní Jos nígbà náà, súwẹ́tà òkìrìkà àti bùláńkẹ́ẹ̀tì ló ń tà. Ohùn Èkìtì ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n Hausa ti bá a jókòó síbẹ̀. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Kai, ọmọ wa, sanyi yìí á pa ọ́ o." Ó fa súwẹ́tà aláwọ̀ ọsàn kan yọ, ó wọ̀ ọ́ sí mi lọ́rùn bí ìgbà tí ènìyàn ń wọṣọ fún ọmọ ọwọ́, ó sì kọ̀, kò gba owó lọ́wọ́ mi. Omi lé ròrò sí mi lójú. Láti ọjọ́ tí mo ti kúrò nílé, ẹnikẹ́ni kò tíì pè mí ní ọmọ wa.

Súwẹ́tà yẹn ni mo fi kọ́ni fún ọdún mẹ́ta. Nígbà tí ìyàwó mi dé láti Iléṣà, ó rí i lára ìṣó, ó sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè pé obìnrin wo ló gbàgbé aṣọ sí ilé òun. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé bọ́tìnnì aṣọ obìnrin kì í wà ní ìhà kan náà pẹ̀lú ti ọkùnrin, àti pé òdòdó kékeré tí wọ́n hun sí àyà rẹ̀ kì í ṣe àmì ilé-iṣẹ́ tó ṣe é. Gbogbo àwọn olùkọ́ ló ti mọ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀. Màmá Onísúwẹ́tà mọ̀ ju gbogbo wọn lọ. Nígbà tí mo lọ bi í, ó ní ṣé súwẹ́tà náà kò lé òtútù ni.

Ọdún àkọ́kọ́ yẹn, àárò ilé fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Mo ń gbé yàrá kan nítòsí Bauchi Road. Ọjọ́ Àìkú ló burú jù, nítorí ilé ìwé kò sí, kò sì sí ẹni tí mo lè bá sọ ìsọkúsọ ní Èkìtì. Ohun tó kọ́kọ́ tù mí nínú ni ìkíni àwọn Hausa. Onílé mi á jí, á kí mi, á béèrè bí mo ṣe sùn, á béèrè òtútù, á béèrè iṣẹ́, á béèrè àárẹ̀, n ó máa dá a lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, omi tó wà lórí iná á sì ti gbẹ kí a tó parí. Mo sọ lọ́kàn mi pé àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò jìnnà sí wa rárá. Ẹ jẹ́ kí ìkíni yìí wà lọ́kàn yín, nítorí òun ló jẹ mí lówó jù ní ayé mi.

Bí mo ṣe di ọlọ́gbọ́n owó kò ju báyìí lọ. Owó tuntun dé, ọ̀pọ̀ àwọn ará wa ní Jos kò sì mọ iye kọ́bọ̀ tí ó wà nínú ṣílè. Èmi ni mo ń kọ́ni ní ìṣirò, nítorí náà èmi ni wọ́n ń bi. Mo kàn ń ka ohun tí ìwé ìròyìn tẹ̀ jáde fún wọn ni. Ṣùgbọ́n ní ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa lọ́jọ́ Àìkú kan, mo sọ pé ẹni tó bá tọ́jú owó àtijọ́ sínú ìrọ̀rí, kí ó tètè gbé e lọ sí báńkì kí ọjọ́ tó kọjá. Àwàdà ni mo fi ṣe. N kò mọ̀ pé Bàbá Káfíńtà, ọ̀kan nínú àwọn àgbà ẹgbẹ́ wa, ti ń sùn lórí owó láti bí ogún ọdún. Lọ́jọ́ kejì ó gbé ìrọ̀rí náà lọ sí báńkì bó ṣe wà, tòun ti òwú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, orúkọ mi di Tísà Owó, wọ́n sì gbà pé mo ríran.

Èmi náà kò sì bá wọn jiyàn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ra ìwé àlòkù lórí ètò owó lọ́wọ́ àwọn ọmọ yunifásítì. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe onígbọ̀wọ́ fún àna rẹ̀ á kọ́kọ́ wá sọ́dọ̀ mi. Ẹni tó bá fẹ́ fẹ́ ìyàwó kejì, n ó bá a ro owó ilé ìwé àwọn ọmọ tí wọn kò tíì bí, á sì rọra padà sílé. Mo ní ohùn kan tí mo ń lò fún un, ohùn jẹ́jẹ́ tó ń ti ìsàlẹ̀ àyà wá. Ìyàwó mi ní bí òun bá ti gbọ́ ohùn yẹn láti ilé ìdáná, òun ti mọ̀ pé n kò mọ ohun tí mo ń sọ. Ìmọ̀ràn tí mo tẹnu mọ́ jù lọ ni pé kí ènìyàn má kó owó sí ibi tí ojú rẹ̀ kò tó. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, bẹ́ẹ̀ ni mo máa ń parí rẹ̀, n ó sì gbá àyà mi lẹ́ẹ̀kan.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ilé mi fún yín.

Ọmọ Èkìtì tó bá wà ní àjò tí kò kọ́lé sílé, wọ́n á ní àjò ti gbé e mì. Mo mọ ọ̀gá akọ̀wé kan tí òun àti ọmọ márùn-ún ń gbé yàrá méjì ní Jos, tí àwọn alángbá sì ń gbé yàrá mẹ́jọ tirẹ̀ nílé. Mo máa ń fi irú wọn ṣe ẹlẹ́yà. Síbẹ̀, ọdún tí a bí Fúnmi, ọmọ wa obìnrin, ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi pé kí ó bá mi bẹ̀rẹ̀ ilé.

Bọ̀ọ̀dá mi kì í ṣe ẹni tí mo lè bi ní ìbéèrè. Nígbà tí baba wa kú, owó ìwé kò ṣeé san fún ẹni méjì, òun ló fi ilé ìwé sílẹ̀ kí èmi lè lọ. Ọkọ́ ọwọ́ rẹ̀ ló sọ mí di olùkọ́. Nítorí náà, bí ó bá kọ̀wé pé ìpìlẹ̀ ti parí, ìpìlẹ̀ ti parí nìyẹn. Ó ní orúkọ ara òun ni òun fi ń kọ́ ilé náà, kí ayé má baà mọ̀ pé tèmi ni, nítorí ayé kì í fẹ́ kí ọmọ ẹni dára. Mo kọ̀wé dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí mo lọ sílé fún Kérésìmesì kan, mo ní mo fẹ́ lọ wo ibi tí a bá a dé. Ó bi mí bóyá mo fẹ́ kí ayé rí mi níbẹ̀ ni. Ó mú mi lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó na ìka sí apá odò, ó ní lọ́hùn-ún ni. Mo wo ọ̀hún. Mo rí igi. Mo ní, "Ẹ ṣeun, Bọ̀ọ̀dá."

Tẹlifóònù kò tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. Ní ìgbà yẹn, ilé ìfìwéránṣẹ́ tó wà láàrin ìgboro Jos ni mo ti máa ń pè. N ó ti kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí ọ̀gá ilé ìfìwéránṣẹ́ ìlú wa, òun á pe Bọ̀ọ̀dá wá jókòó dè mí lọ́jọ́ Sátidé. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni wọ́n ń tà. Ẹni tó fi ìṣẹ́jú mẹ́ta lélẹ̀ kò ní ẹ̀gbọ́n ní Èkìtì. Inú àpótí tẹlifóònù kò gba ìdọ̀bálẹ̀, nítorí náà n ó tẹ̀ títí orí mi á fi kan ògiri, n ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kí i. Òun náà á kí mi. Á béèrè ìyàwó mi, á béèrè Fúnmi, á béèrè òtútù, á béèrè ọ̀gá ilé ìwé mi tí kò rí rí, á ní kí n bá òun kí Màmá Onísúwẹ́tà. Èmi náà á béèrè ìyàwó rẹ̀, oko rẹ̀, àti orúnkún rẹ̀ tó máa ń dùn ún. Bí mo bá wá ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan," obìnrin tó ń so tẹlifóònù pọ̀ á já lu ọ̀rọ̀ wa pé àkókò ti tó, ṣé kí òun fi mẹ́ta kún un. N ó ní kí ó má ṣèyọnu, owó rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ọdún mẹ́fà ni mo fi san owó ìkíni.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi tó bá gbọ́ ìtàn yìí lónìí máa ń bi mí bóyá mo ń sùn ni. N kò sùn. Ilé náà wúlò fún mi ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Ní Jos, Bayarabe, ọmọ Yorùbá, ni mo jẹ́, àlejò tó ń kọ́ ọmọ onílé ní ìṣirò. Bí mo bá dé ilé, wọ́n á ní ará Jos ti dé, wọ́n á máa wò mí bóyá mo ṣì lè jẹ iyán. Fúnmi ń lá àlá ní Hausa. Láàrin ibi méjèèjì, ilé tí n kò rí yẹn nìkan ni mo lè sọ pé tèmi ni. Bí òtútù bá mú nígbà ọyẹ́, mo máa ń to àga sínú rẹ̀ lọ́kàn mi. Mo ti yí àga wọ̀nyẹn padà ní iye ìgbà tí n kò lè kà. Bóyá ìdí nìyẹn tí n kò fi fẹ́ lọ wò ó.

Ọdún kẹsàn-án mi ní Jos, a ti kó lọ sí àdúgbò Dadin Kowa, owó oṣù olùkọ́ sì ti ń pẹ́ kí ó tó dé. Ọkùnrin kan wá láti Kàdúná, ó wọ kóòtù, ó gbé báàgì aláwọ. Ó ní ilé-iṣẹ́ adójútòfò kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ló rán òun láti wá ẹni tí àwọn ará Jos gbẹ́kẹ̀ lé, tí yóò máa gbà wọ́n nímọ̀ràn lórí owó ọjọ́ ogbó, owó ilé ìwé ọmọ, àti ọjọ́ àìròtẹ́lẹ̀. Ó ní ibi mẹ́ta ni wọ́n ti dárúkọ mi fún òun. Olùdámọ̀ràn owó ni wọn yóò máa pè mí, wọn yóò sì tẹ orúkọ mi sára káàdì. Ọ̀rọ̀ káàdì yẹn ló mú mi. N kò tíì rí orúkọ mi lára ohunkóhun rí àfi ìwé owó oṣù, wọ́n sì máa ń ṣì í kọ níbẹ̀.

Ohun tó wà ńlẹ̀ ni pé mo gbọ́dọ̀ kọ̀wé fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀ ní òpin táàmù. Ó sì ku ọdún kan péré kí n pé ọdún mẹ́wàá tí ìjọba ibí fi ń fún ènìyàn ní owó ìdágbére, wọn kò ka mẹ́rin ti Èkìtì mọ́ ọn. Bí mo bá lọ báyìí, ọdún mẹ́sàn-án á lọ lófo. Ìyàwó mi kò pariwo. Ó ní owó olùkọ́ ń pẹ́ ṣùgbọ́n ó ń dé. Ó ní ọkùnrin tó ń kọ́ni ní ìṣirò ni òun fẹ́, òun kò fẹ́ ọkùnrin tí yóò máa bi àwọn arúgbó léèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá kú. Lẹ́yìn náà ó ní bó bá dá mi lójú pé mo lè ṣe é, kí n ṣe é, ṣùgbọ́n kí ó dá mi lójú. Mo fi ohùn jẹ́jẹ́ dá a lóhùn pé ó dá mi lójú. Ó wò mí, ó sì padà sí ìdí ọbẹ̀ rẹ̀.

Ọkùnrin Kàdúná fún mi ní fọ́ọ̀mù kan. Ogún ènìyàn gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pé àwọn lè fi owó wọn lé mi lọ́wọ́. Ní ìsàlẹ̀, mo gbọ́dọ̀ kọ ohun ìní tèmi. Ó ní ẹni tí kò bá ní ilé, àwọn ènìyàn kì í gbọ́ ìmọ̀ràn rẹ̀ lórí owó. Mo sọ fún un pé mo ní ilé. Ó ní kí n wá fọ́tò rẹ̀ gbé kọ́ sí pálọ̀, kí àwọn oníbàárà máa rí i.

Mo kọ̀wé sí Bọ̀ọ̀dá lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí fọ́tò náà tó dé. Nígbà tí mo ṣí i, mo jókòó sílẹ̀. Ilé funfun ni, ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ gùn, fèrèsé rẹ̀ pọ̀ ju èyí tí mo rò lọ, ilẹ̀kùn rẹ̀ jẹ́ igi oníṣẹ́ ọnà. Bọ̀ọ̀dá dúró níwájú rẹ̀ nínú agbádá ńlá kan, ó na apá méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́. Mo ní ayọ̀ ló jẹ́ kó nà wọ́n bẹ́ẹ̀. Mo lọ ṣe férémù fún un, mo gbé e kọ́ sí òkè àga mi. Fúnmi dúró lábẹ́ rẹ̀, ó bi mí ní Hausa pé, "Baba, gidan wa ne wannan?" Ilé ta nìyí. Mo ní ilé wa ni. Ó wo yíká pálọ̀ tí a háyà, ó ní ilé wa kọ́ nìyẹn, ibí ni ilé wa. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ọ̀rọ̀ ọmọdé ni.

Láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, ènìyàn mọ́kàndínlógún ti fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù mi, ọmọ ẹgbẹ́ wa ni gbogbo wọn. Wọ́n á wọlé, wọ́n á jókòó, wọ́n á gbójú sókè rí fọ́tò náà, wọ́n á sì dákẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n á ní, "Ilé yìí dára o, Tísà," wọ́n á fọwọ́ sí i, wọ́n á lọ kíákíá. Bàbá Káfíńtà ló pẹ́ jù. Ó sún mọ́ fọ́tò náà, ó wo ilẹ̀kùn rẹ̀ títí, ó ní ẹni tó mọṣẹ́ ló kan ilẹ̀kùn yìí. Mo gbà pé ìlara díẹ̀ wà nínú rẹ̀, mo sì dárí jì í. Mo tilẹ̀ na ìka sí fọ́tò náà, mo sọ fún un pé ibi tí fífi ara balẹ̀ lórí owó ń gbé ènìyàn dé nìyẹn. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó ku ènìyàn kan. Ní ọ̀sán Sátidé, nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí táàmù parí, Màmá Onísúwẹ́tà wá fọwọ́ sí tirẹ̀. Ó mú ìyàwó ọmọ rẹ̀ dání, ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ìlú wa, tó pọn ọmọ, tí òtútù ti mú kí ó máa wo ilẹ̀ ṣáá. Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀ kí mi. Bó ṣe gbójú sókè, ó rí fọ́tò, ojú rẹ̀ sì là bí ẹni tó rí ará ilé.

"Ẹ wo ilé ìgbẹ̀bí wa," ó ní. "Yàrá tó ní fèrèsé kejì yẹn ni mo bí ọmọ yìí sí."

Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í wo àjà. Mo rẹ́rìn-ín, mo gbé ohùn jẹ́jẹ́ mi wọ̀, mo sọ fún ọmọbìnrin náà pé ilé a máa jọ ilé. Kò fẹ́ kí àgbàlagbà ṣìnà. Ó dìde, ó fi ìka kan agbádá Bọ̀ọ̀dá, ó sì ṣàlàyé fún mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé pátákó orúkọ ilé ìgbẹ̀bí ló wà lẹ́yìn bàbá yìí, aṣọ wọn ló bò ó. Mo wò ó. Etí pátákó náà yọ díẹ̀ lábẹ́ apá òsì. Ìyàwó mi ti dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Ó wo fọ́tò, ó wò mí, ó sì rọra padà wọlé, n kò sì lè gbàgbé bó ṣe rọra.

Mo mọ ilé ìgbẹ̀bí náà. Èmi gan-an ni mo dìde ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa, tí mo sọ̀rọ̀ fún bí wákàtí kan lórí ìdí tó fi yẹ kí gbogbo ọmọ ìlú tó wà ní Jos dá owó fún un. Mo dá tèmi. Ọjọ́ tí wọ́n lọ ṣí i, gbogbo ẹgbẹ́ háyà bọ́ọ̀sì lọ sílé. Èmi nìkan ni n kò lọ, nítorí Bọ̀ọ̀dá kọ̀wé pé ayé á pọ̀ níbẹ̀. Nítorí náà, gbogbo ènìyàn tó jókòó sábẹ́ fọ́tò yẹn ló mọ ohun tí wọ́n ń wò. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Èmi ti sọ ọmọ lórúkọ, mo ti gbé e kọ́ sára ògiri.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, lẹ́yìn ilé ìwé, mo mú fọ́ọ̀mù náà, mo gba ìsọ̀ Màmá lọ. Mo fẹ́ sọ fún un pé mo ti pinnu, n ó dá fọ́ọ̀mù padà, n ó sì máa kọ́ni títí tí wọ́n á fi lé mi. Ṣùgbọ́n kí n tó sọ ọ́, mo bi í pé ṣé ó mọ̀.

"Mo mọ̀. Gbogbo wa la mọ̀," ó ní. "Bàbá Káfíńtà ló kan ilẹ̀kùn yẹn. Jos níbí ni wọ́n ti gbé e lọ."

Mo ní kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi.

"Haba, Tísà. Ta ló fẹ́ wo ojú ọmọ ènìyàn kó ní ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń jalè?"

Mo ní, "Ẹ wá ń fọwọ́ sí i pé ẹ lè fi owó yín lé mi lọ́wọ́."

Ó ká súwẹ́tà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e lé orí àwọn yòókù. "Ṣé o rò pé ọgbọ́n la ń wá lọ́dọ̀ rẹ ni? Ọgbọ́n pọ̀ ní Jos, wallahi, àwọn ọlọ́gbọ́n ló sì ń kó owó wa jẹ. Ìwọ fi owó ránṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, o ò wẹ̀yìn. Ẹni tí kò mọ̀ pé ènìyàn lè jalè, níbo ló ti fẹ́ kọ́ bí yóò ṣe jí tiwa?"

N kò mọ̀ bóyá kí n dúpẹ́ ni tàbí kí n sunkún. Ó dùn mí, ó sì dùn mọ́ mi, lẹ́ẹ̀kan náà. Mo dìde pé kí n máa lọ. Ó ní kí n jókòó, òun kò tíì parí, òun náà kò sì tíì fọwọ́ sí i. Mo ti sọ ìtàn igi ẹ̀yìnkùlé fún un rí, gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ bí Bọ̀ọ̀dá mi ṣe gbọ́n tó. Igi yẹn ló wá dá padà fún mi.

"Bí àwọn ará Kàdúná bá nàka, tí wọ́n ní owó Màmá wà lọ́hùn-ún," ó ní, "ṣé igi náà lo máa wò, kó o sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn?"

Òótọ́ ni pé ọ̀bẹ kì í gbẹ́ èkù ara rẹ̀, ṣùgbọ́n èmi kò tilẹ̀ gbìyànjú láti gbẹ́ ẹ. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ ṣe yìí, ìbéèrè ni gbogbo rẹ̀. Owó dà, ta ló mú un, ìwé rẹ̀ ńkọ́. Ẹni tí kò lè bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ìbéèrè kan ṣoṣo, inú kíláàsì ló yẹ ẹ́, níbi tí ìdáhùn ti wà lẹ́yìn ìwé. Ibẹ̀ ni mo ti bá ara mi ṣe àdéhùn. Lọ́jọ́ Sátidé n ó pe Bọ̀ọ̀dá. Bí mo bá lè sọ ọ́ jáde, n ó fi fọ́ọ̀mù náà ránṣẹ́. Bí n kò bá lè sọ ọ́, n ó fà á ya níbẹ̀. Mo sọ àdéhùn náà fún Màmá. Ó gba bírò, ó fọwọ́ sí i, ó ní òun kò mọ èyí tí yóò ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n kí n wọ súwẹ́tà lọ.

Mo wọ̀ ọ́ lọ. Lọ́jọ́ Sátidé náà mo wọ inú àpótí tẹlifóònù, fọ́ọ̀mù wà nínú àpò kan, ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ wà nínú èkejì. Wọ́n so wá pọ̀. Mo gbọ́ tí Bọ̀ọ̀dá wúkọ́ kí ó tó sọ̀rọ̀, bí ó ti máa ń ṣe, orí mi sì tẹ̀ fúnra rẹ̀ títí ó fi kan ògiri. Ó kí mi. Mo kí i. Ó béèrè ìyàwó mi. Ó béèrè Fúnmi. Mo béèrè orúnkún rẹ̀, ó ní ó ti sàn díẹ̀, inú mi sì dùn sí i tọkàntọkàn. Ìyẹn ló nira jù. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Mo rí i lójú mi pẹ̀lú ọkọ́ léjìká ní àárọ̀ tí mo kọ́kọ́ wọ yunifọ́ọ̀mù. Mo wo aago ọwọ́ mi, ìṣẹ́jú méjì ti lọ. Ó ń béèrè òtútù. Ó ń béèrè ọ̀gá ilé ìwé mi. Ó ní kí n bá òun kí Màmá Onísúwẹ́tà.

Mo gbé orí mi kúrò lára ògiri.

"Bọ̀ọ̀dá, mo rí ilé náà. Ẹ bá mi kí àwọn aboyún tó wà níbẹ̀."

Láti ọdún tí mo ti ń pè é, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí kò rí nǹkan béèrè lọ́wọ́ mi. Obìnrin inú tẹlifóònù wọlé sí àárín wa, ó ní àkókò ti tó, ṣé kí òun fi mẹ́ta kún un.

Mo ní kí ó fi mẹ́ta kún un.

Mo tẹ́ fọ́ọ̀mù náà sí ara ògiri, ní ibi tí orí mi ti máa ń kàn, mo yọ bírò. Níbi tí wọ́n ní kí n kọ ohun ìní mi sí, mo kọ pé kò sí, mo sì fọwọ́ sí i. Bọ̀ọ̀dá ṣì ń wá ọ̀rọ̀.

Mo ní, "Mo ń gbọ́ yín, Bọ̀ọ̀dá."